Àlọ́ Àdàbà Tí Mo Gbé Jáde Nílé

Ní agbolé wa ní Òkè-Ìlà, l'Ádó, àlọ́ ní olóhun. Obìnrin tí wọ́n bá gbé wọlé láti ìlú mìíràn kì í kó ìkòkò àti aṣọ nìkan wá. Àlọ́ ilé bàbá rẹ̀ ń bẹ nínú ẹrù náà, òun nìkan ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pa á láàárín wa. Bí o bá fẹ́ pa àlọ́ ẹlòmíràn, àfi kí o kọ́kọ́ lọ bá a, kí o kúnlẹ̀, kí o fọwọ́ kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀, kí o ní, "Ẹ yá mi." Bó bá ní òun yá ọ, ó di tìrẹ fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá dákẹ́, wá nǹkan mìíràn sọ. Mo rí méjì nínú àwọn ìyàwó ilé wa tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún odindi oṣù kan nítorí àlọ́ ìgbín. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí mo bá sọ ọ́ fún máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣé ẹ̀wù ni àlọ́ tí èèyàn fi ń yá a. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ̀wù kò tó o.

Yèyé àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni àlọ́ àdàbà. Ìgbẹmọ ni ìlú rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tó dé Adó, nígbà tí ogun ṣì wà káàkiri ilẹ̀ Èkìtì, kò sì sẹ́ni tó ń bi í bó ṣe dé. Nígbà tí mo fi gbọ́njú, ó ti darúgbó gan-an, ó gbẹ, ó sì le. Ẹ kò gbọdọ̀ dì í lápá mú bó bá ń dìde. Á ní ẹni tó bá di òun mú fẹ́ wó òun lulẹ̀ ni.

Bí a bá ti jẹ iyán tán, tí ojú ọ̀run ṣì mọ́ díẹ̀, gbogbo àwa ọmọ agbolé á lọ kó jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó lè pa àlọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ti àdàbà ni a máa ń dúró dè. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n mú lọ sí ìlú jíjìn láti kékeré, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́. Ó rí àdàbà kan lórí igi obì, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun jíṣẹ́ délé. Àdàbà ní òun kì í jíṣẹ́ lásán. Lẹ́ẹ̀kíní, ó gba ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gba gèlè orí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tí kò sí ohun tó kù lára ọmọ náà, àdàbà gba ohùn ẹnu rẹ̀, ó sì fò lọ. Níbẹ̀ ni Yèyé àgbà á ti dárin, tí àwa náà á máa gbè é:

Àdàbà, bá mi kí yèyé mi,
Fò, àdàbà, fò.
Sọ fún un pé mo wà láàyè,
Fò, àdàbà, fò.

Ìyá gbọ́ iṣẹ́ náà, ó gbéra, ó rìn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó dé ìlú jíjìn náà, ó ń pe ọmọ rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Ọmọ sáré jáde, ó dúró níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di àgbàlagbà, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ohùn rẹ̀ nìkan ni ìyá ìbá fi mọ̀ ọ́n, kò sì sí ohùn mọ́. Ìyá kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára àlejò. Ó kù díẹ̀ kí ó jáde ní ẹnubodè, ni ọmọ náà bá gbé atẹ, ó bu ẹ̀wà sí i, ó fi atẹ lu orúnkún lẹ́ẹ̀mejì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nígbà tó wà ní kékeré. Ìyá gbọ́ ìró atẹ náà. Ó dúró. Ó yíjú padà. Bí Yèyé àgbà bá ti sọ pé ó yíjú padà báyìí, á fi ọwọ́ gbá orúnkún tirẹ̀, a ó sì hó yèè.

Mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ nígbà náà, mo sì wà nínú àwọn ọmọbìnrin díẹ̀ tó wà ní kíláàsì wa. Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní kóòtù, ó gbàgbọ́ pé ìwé kò mọ obìnrin yàtọ̀ sí ọkùnrin. Tíṣà wa kì í ṣe ará ibí. Láti ìhà Ìjẹ̀bú ló ti wá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tó ní sùúrù, tí kò sì lè gbọ́ kí a pe ilé ní "ulé" kó má ṣe dá wa dúró. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ó ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe eré kan níwájú àwọn òbí lọ́jọ́ ìparí ẹ̀kọ́, kì í sì í ṣe eré àwọn òyìnbó, àlọ́ ilẹ̀ wa ni òun fẹ́. Ó ní ta ló ní èyí tó dára.

Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ lọ sókè. Mo pa àlọ́ àdàbà fún un lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú orin. N kò fọwọ́ kan ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ pé mo rò pé òfin agbolé parí sí ẹnu ọ̀nà agbolé. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé bí mo bá béèrè, Yèyé àgbà á dákẹ́, mo sì fẹ́ kí tíṣà yìn mí.

Ó yìn mí. Ó kọ àlọ́ náà sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ó ní èèyàn kò lè fi ìró atẹ mọ ọmọ rẹ̀, pé àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni tiwa, ó yẹ kí ọmọ náà kúnlẹ̀ gbàdúrà nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Nítorí náà, nínú eré wa, ọmọ náà kúnlẹ̀, ó sì gbàdúrà nínú ọkàn, Ọlọ́run dá ohùn rẹ̀ padà. Àdàbà di ẹyẹ rere tó gbé ewé tútù sẹ́nu, nítorí tíṣà ní kò dára kí a máa ba orúkọ ẹyẹ náà jẹ́ nígbà tí Bíbélì ti yìn ín. Ó yí orin náà sí ohùn orin ṣọ́ọ̀ṣì, a sì ń fi dùùrù gbè é. Ní ìparí, gbogbo wa á tò sí iwájú, a ó sì sọ fún àwọn òbí pé kí ọmọ máa bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá rẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ṣe ọmọ náà. Inú mi dùn débi pé n kò jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan.

N kò sọ fún Yèyé àgbà pé àlọ́ rẹ̀ ni. Mo kàn ní kó wá wò mí. Ó wọ aṣọ etù rẹ̀, ó wá jókòó síwájú pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí a ti ṣe eré náà, ó sì ń tọ́ka mi sí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ tó ṣe àdàbà jáde, mo rí i tó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí dùùrù gbé orin, ó tẹjú mọ́ mi. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì gba àárín àwọn èèyàn jáde. Àwọn tó kù pàtẹ́wọ́ fún mi gan-an. N kò gbọ́ ọ dáadáa.

Mo bá a nílé lórí àpótí rẹ̀. Kò pariwo, kò sì lù mí. Ọ̀rọ̀ kan ló bi mí.

"Ta ló yá ọ?"

Láti ọjọ́ náà, Yèyé àgbà kò pa àlọ́ mọ́, kì í ṣe ti àdàbà nìkan, gbogbo rẹ̀ pátá. Bí àwọn ọmọ bá kó jọ ní ìrọ̀lẹ́, á ní oorun ń kun òun, á wọlé. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ agbolé mọ ẹni tó fà á, wọn kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Ṣùgbọ́n ti wọn kò dùn mí tó ti Yèyé àgbà. Ó ṣì ń gé ẹja fún mi nínú ọbẹ̀ rẹ̀, ó ṣì ń kí mi bí mo bá ti ilé ìwé dé, bí a ṣe ń kí ọmọ aládùúgbò. Mo fẹ́ Yèyé àgbà mi padà. N kò fẹ́ nǹkan mìíràn ní gbogbo ayé nígbà náà.

Kò pẹ́ tí àlọ́ náà fi gba ìgboro. Ẹ̀yìn ilé wa ni télọ̀ kan wà pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọbìnrin rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́. Ní ọjọ́ kan mo bá a tó jókòó láàárín àwọn àbúrò rẹ̀, tó ń pa àlọ́ fún wọn. Nínú tirẹ̀, ẹyẹlé ni ẹyẹ náà, nítorí ẹyẹlé ni bàbá rẹ̀ ń sìn lórí òrùlé. Lẹ́yìn ẹ̀gbà ọwọ́, tẹ̀sùbáà ọmọ náà ni ẹyẹlé gbà. Nígbà tí ìyá sì dé ìlú jíjìn, oṣù ààwẹ̀ asáàmù ni, gbogbo ìlú ń ṣínu, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dá a lóhùn àfi tó bá jókòó bá wọn jẹun. Nídìí àwo oúnjẹ yẹn ni ọmọ ti bu omi fún un, tí ìyá sì rí àpá kan ní ọwọ́ rẹ̀ tó fi mọ̀ ọ́n.

Inú bí mi. Mo ní kí ó dákẹ́, pé ó ń ba àlọ́ Yèyé mi jẹ́. Ó ní àlọ́ wo ni ti Yèyé mi, ṣebí ti ilé ìwé ni, bàbá òun ló sì tún un ṣe nítorí pé àdàbà kò gbọ́n tó láti jíṣẹ́. Mo já gèlè orí rẹ̀. Òun náà kò ya ọ̀lẹ. Wọ́n là wá níjà, wọ́n sì fà mí lọ sílé pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ ní ẹnu. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń sunkún, mo ń wí pé wọn kò bi í, wọn kò béèrè, wọ́n kàn gbé e. Ìgbà tí mo gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ ni mo dákẹ́.

Mo wá pinnu pé n ó tún un ṣe. Olóríkunkun ni mí, títí di òní. Mo ní n ó lọ sí Ìgbẹmọ, níbi tí àlọ́ náà ti ṣẹ̀ wá, n ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, n ó gbé e lọ fún tíṣà, á pa tirẹ̀ rẹ́, Yèyé àgbà á sì dárí jì mí. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ lọ kí àwọn ẹbí níbẹ̀ lákòókò ìsinmi, mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà yẹn gbọ̀n mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè jókòó dáadáa fún ọjọ́ méjì. Mo gbé ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsù dání.

Àbúrò Yèyé àgbà ṣì wà láàyè ní Ìgbẹmọ, ìyá àgbàlagbà kan tó sanra díẹ̀, tó sì máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó mọ ohun tí èèyàn fẹ́ sọ. Lọ́tẹ̀ yìí mo mọ̀wà hù. Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ kan ilẹ̀, mo ní kí wọ́n yá mi ní àlọ́ àdàbà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti béèrè rẹ̀ kẹ́yìn, ó sì pa á fún mi. Ẹ̀gbà, gèlè, ohùn, gbogbo rẹ̀ bára mu, orin náà kò yàtọ̀. Ìyá dé ìlú jíjìn, ó ń pe ọmọ, ọmọ dúró níwájú rẹ̀, ìyá kọjá. Mo ti tẹ pẹ́ńsù mọ́ ìwé, mo ń retí atẹ. Ìyá jáde ní ẹnubodè, ó lọ sílé, ó sì kú. Ó parí.

Mo ní atẹ ń kọ́. Ó bi mí pé atẹ wo. Mo ṣàlàyé bí ọmọ ṣe fi atẹ lu orúnkún, tí ìyá fi yíjú padà. Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun. Ó ní ohùn ọmọ yẹn ni àdàbà fi ń ké títí di òní. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ ní oko ní Ìgbẹmọ, wọ́n á ní ọmọ ẹnìkan ló ń pe ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí nílé. Ọ̀nà oko ni àwọn ajagun ti gbé Yèyé àgbà, kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìyá wọn wá a. Ó wá a dé Ìyìn, wọ́n ní ó dé Adó pàápàá, ó ń pè é láti àdúgbò dé àdúgbò, kò rí i, ó sì padà. Nígbà tí ogun tán tí ọ̀nà sì là, Yèyé àgbà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí Ìgbẹmọ, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ìyá wọn ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún méjì. Wọ́n sọ fún un pé ìyá wá a. Ó ní Yèyé àgbà kò sunkún lójú wọn, ó kàn béèrè àdúgbò tí ìyá dé l'Ádó. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Mo ti ìwé mi pa. N kò kọ nǹkankan sínú rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà bí a ṣe ń bọ̀, bàbá mi bá mi sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ohun tó ń wí. Ojú tì mí. Ẹ̀rù sì tún ń bà mí, nítorí mo mọ̀ pé n kò ní lè dákẹ́.

Mo bá Yèyé àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ń pa ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀, mo ní, "Yèyé, ẹ yá mi." Ó ń pa ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Mo ní mo ti dé Ìgbẹmọ. Mo ní wọ́n pa á fún mi, ìyá kò yíjú padà.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò wojú mi.

"Èmi náà, ta ló yá mi? Yèyé mi ló ni ùtàn yẹn. Mi ò rí i kí n fọwọ́ kan ilẹ̀ fún un."

Ó ní ọmọ òun àkọ́kọ́ ni òun kọ́kọ́ pa á fún, nílé yìí náà. Ó ní òun fẹ́ pa á bí ìyá òun ṣe ń pa á, kò sí ohun tó kù sí òun lọ́wọ́ láti ilé àfi èyí. Nígbà tí àlọ́ dé ẹnubodè, tó yẹ kí ìyá jáde, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Atẹ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó gbé e, ó lù ú mọ́ orúnkún, ìyá sì yíjú padà. Láti ìgbà náà, kò pa á bí ti Ìgbẹmọ mọ́. Ó ní nígbà tí òun gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbé atẹ kúrò, ó dà bí ẹni pé ìyá òun tún ti kọjá lọ.

Mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní n ó lọ sọ fún tíṣà kó dá atẹ padà. Ó ní kí n nu imú mi. Ó bu ẹ̀gúsí sínú igbá, ó ń fi ìka yí i ká, ó sì wá bi mí léèrè nǹkan tí n kò retí. Ó ní òun ti jáde nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn ará ìjọ sọ fún òun pé ọmọ náà rí ohùn rẹ̀ gbà. Ṣé òótọ́ ni? Mo ní òótọ́ ni. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ní gbogbo ọdún tí òun fi ń pa á, ìyá nìkan ni òun dá padà, òun kò rántí ọmọ. Òun kàn fi í sílẹ̀ níbẹ̀ bí odi, atẹ lọ́wọ́. Ó ní tíṣà yẹn kò gọ̀ tó bí òun ṣe rò.

"Kí ni ọmọ náà kọ́kọ́ sọ?"

Mo ní tíṣà kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i lẹ́nu. A kàn ní ó sọ̀rọ̀, gbogbo èèyàn sì yin Olúwa. Yèyé àgbà pòṣé. Ó ní ọkùnrin ni, kò lè mọ̀. Ó ní kí n lọ pe àwọn ọmọ.

Mo sáré ká agbolé. Mo tilẹ̀ dé ilé télọ̀, mo pe ọ̀rẹ́ mi, òun náà sì kó àwọn àbúrò rẹ̀ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dárí jì mí ní ti gèlè rẹ̀. Yèyé àgbà pa àlọ́ náà. Ó gba ẹ̀gbà, ó gba gèlè, ó gba ohùn. Ó dárin, a gbè é. Ìyá dé, ìyá kọjá. Ó gbé atẹ ẹ̀gúsí, ó lù ú mọ́ orúnkún lẹ́ẹ̀mejì, ìyá yíjú padà, a hó. Àwa rò pé ó tán. Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí a dákẹ́. Ó ní àdàbà tó wà lórí igi obì wo ìyá àti ọmọ tí wọ́n ń wo ara wọn, ojú tì í, ó da ohùn náà sílẹ̀. Ọmọ la ẹnu.

"Yèyé mi, ẹ kú ìrìn o."

Bí ọmọdé ló ṣe sọ ọ́, ohùn kékeré kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó hó. Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ télọ̀, ló fọhùn, ó bi í pé kí ni ìyá dá a lóhùn. Yèyé àgbà fi etí ìró nu ojú. Ó ní òun kò tíì gbọ́ ìyẹn, kí àwa máa sọ ọ́ fún òun.